Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ Tí Mo Rà ní Under G

Igba, igbá, ìgbà, igbà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ni mo fi ṣe ìbéèrè kẹta nínú ìdánwò Yorùbá tí mo ṣe fún àwọn ọmọ SS1 ní sáà tó kọjá. Mo ní kí wọ́n sọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi í sínú gbólóhùn. Ọwọ́ ni mo fi kọ ìbéèrè náà sínú ìwé, mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, mo sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti máa ń bá wa tẹ̀wé. Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ni mo tó rí ohun tí wọ́n tẹ̀: igba, igba, igba, igba. Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Èwo ni ká sọ ìtumọ̀ rẹ̀?" Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú pátákó, mo sì ń lọ láti kíláàsì kan sí èkejì kí n lè ṣe bákan náà. Kíláàsì mẹ́rin ni. Kí n tó dé ìkẹrin, ogún ìṣẹ́jú ti lọ nínú àkókò àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ó dùn mí gan-an. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, n kò sì rí ìdí tí èdè tí a fi sọ wá lórúkọ fi ní láti dé inú ìwé ìdánwò bí adìẹ tí a tu ìyẹ́ rẹ̀. N kò bínú sí ọmọbìnrin tó tẹ̀ ẹ́. Kíbọọ̀dù iwájú rẹ̀ kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, owó tó ń gbà lórí ojú ìwé kan kò sì tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wá àmì ohùn kiri. Mo kàn pinnu lọ́jọ́ náà pé ọwọ́ ara mi ni mo máa fi tẹ ìbéèrè mi.

Mo kọ́kọ́ fi fóònù gbìyànjú. Kíbọọ̀dù Google tó wà lórí rẹ̀ mọ Yorùbá, mo sì ń fi í tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè olójú ìwé mẹ́ta, tó ní apá A àti apá B, tó tún ní àyọkà, ó ju iṣẹ́ àtàǹpàkò lọ. Ọrùn ń dùn mí, ojú ń ro mí, bí mo bá sì ṣèèṣì fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ, ìlà mẹ́wàá ti pòórá.

Nígbà tí àjọ kàn mí, ₦170,000 ló wọlé. Kọ̀ǹpútà tuntun kò ṣeé bi léèrè pẹ̀lú iye yẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní LAUTECH, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń kà níbẹ̀, òun ni mo fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, "Àǹtí mi, ẹ má fi gbogbo owó yín ra ẹ̀rọ o. Tòkunbọ̀ ni, a ṣì máa ná owó sí i lára." Mo yọ ₦120,000 sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ, mo so ìyókù mọ́ etí aṣọ.

Under G kò jìnnà sí LAUTECH, akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ibẹ̀, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ló sì kún ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọ̀sán Sátidé la lọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tí a wọ̀ to àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ lérí ara wọn bí ẹni to búrẹ́dì. Ó fa ọ̀kan yọ fún mi, ó fẹ̀ lójú, ó ń dán, ó ní, "Mà, èyí ló máa yẹ yín." Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi da ojú rẹ̀ délẹ̀, ó wo àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́, ó rọra gbé e padà. Celeron, ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò lágbára, ló wà nínú rẹ̀, RAM rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, kò sì ju 2GB lọ. Ó dán lójú, kò lágbára iṣẹ́.

Èyí tó wọ̀ mí lójú ni ThinkPad X230 kan, dúdú, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ìwé orúkọ kíláàsì lọ. Ọdún 2012 ni wọ́n ṣe irú rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá lókè òkun ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ra irú rẹ̀ nígbà náà. Bí wọ́n bá lò ó fún ọdún mélòó kan, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, òun náà á sì wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wa. Ó nípọn díẹ̀, kò sì rẹwà lójú ẹni tó fẹ́ ohun pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ láti ẹ̀yìn láì tú nóòtù kankan, RAM rẹ̀ ṣeé fi kún, hard disk rẹ̀, níbi tí fáìlì ń gbé, sì ṣeé pààrọ̀. Ní ti ẹ̀rọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, ohun tí mo ń wò nìyẹn ṣáájú ẹwà: ṣé mo lè tú u, ṣé mo lè tún un ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí mo rí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi tí wọ́n san owó kí wọ́n tó ṣí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tan án, ó sì tẹ F1 kí Windows tó gbérí. Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà ètò inú lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń pè ní BIOS. Ó ní bí ó bá béèrè password lọ́wọ́ wa níbẹ̀ tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀ ọ́n, ká dìde ká máa lọ, nítorí password inú ThinkPad kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹnu lásán tú. Kò béèrè. Lẹ́yìn náà ó ṣí Notepad, ó ní kí n tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bọ́tìnnì p kò dáhùn lórí ẹ̀rọ tí a kọ́kọ́ gbé. Ọ̀dọ́kùnrin náà fẹ́ fi ọwọ́ gbá a, mo ní, "Rárá, ọmọ mi, bá mi gbé òmíràn." Ó gbé ìkejì wá. Gbogbo rẹ̀ dáhùn. A ṣí ojú ìwé funfun kan tó gba gbogbo ojú ẹ̀rọ ká lè rí i bóyá àbàwọ́n wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà ní igun ọ̀tún, kò tó àgbàdo. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. A ṣí i, a pa á dé, kí a mọ̀ bóyá ọrùn rẹ̀ ti dẹ̀. A ki fílááṣì bọ gbogbo ihò tó wà lára rẹ̀. Ṣájà gbóná, kò gbóná jù.

Ibi tí mo ti kù díẹ̀ káàtó ni bátìrì. Ẹni tó ń tà á ní wákàtí mẹ́ta ni ó ń lò. A yọ ṣájà, ó ń fi 94% hàn. Òjò ti ṣú, mo ń wojú ọ̀run, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo fi dúró. ₦135,000 ló kọ́kọ́ pè é, a dúnàádúrà, ó gba ₦110,000. Nígbà tí a dé ilé ní Sábó, tí mo yọ ṣájà lẹ́ẹ̀kan sí i, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló lò, ó kú. Ọmọ náà ṣí ojú dúdú ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ ní Windows, ó tẹ powercfg /batteryreport sí i, àbájáde sì wà níbẹ̀ kedere: nígbà tí wọ́n ṣe bátìrì náà, ó lè gba 62,160 mWh, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára iná; ní báyìí, 4,120 ló lè gbà. Kò tilẹ̀ ku ìdá mẹ́wàá. Àṣẹ kan yẹn, ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà wá nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá fẹ́ ra Windows tòkunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lójú yín. Mo padà lọ bá a lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kò gbà pé òun purọ́, ó kàn gbà láti yọ ₦5,000 kúrò nínú owó bátìrì mìíràn. Mo san ₦19,000. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ó tó rí i bá mi wá.

Ohun kan ṣì wà lára ẹ̀rọ yìí tí mo fẹ́ràn tí n kò mọ̀ pé ó wà títí a fi délé. Lókè gíláàsì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, iná kékeré kan wà níbẹ̀. Bí mo bá di bọ́tìnnì Fn mú tí mo tẹ bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀, iná yẹn á tàn sórí kíbọọ̀dù. ThinkLight ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń tẹ̀wé ní alẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ìwúlò rẹ̀.

Ó wá ku ohun tí a máa fi sínú rẹ̀. Operating system ni ètò tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń gbé dìde bí a bá tan án. Òun ló ń bá hard disk, kíbọọ̀dù àti ojú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Gbogbo ètò yòókù, abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún mi ti fi Windows 10 sí i, pẹ̀lú àkọlé kan ní igun ìsàlẹ̀ tó ń ní kí n lọ fọwọ́ sí i pé owó ti san. Ó ní bí mo bá fẹ́ kí àkọlé yẹn lọ, òun á fi nǹkan kan pa á lẹ́nu mọ́. Tàbí kí òun fi Windows 11 sí i fún mi ní ₦5,000.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún mi. Ọdún 2015 ni Windows 10 jáde. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí i dúró. Ìyẹn ni pé bí olè bá rí ihò kan lára rẹ̀ lónìí, wọn kò ní bá ẹ dí i mọ́ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò nìkan ni wọ́n ń bá dí i. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè ohun ààbò kan nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì ń fẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ láti ìran kẹjọ bó bá jẹ́ ti Intel. Ó fi bí a ṣe ń mọ ìran hàn mí: ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5 tàbí i7 nínú orúkọ ọpọlọ náà. Tèmi ni i5-3320M, 3 ló ṣáájú, ìran kẹta nìyẹn. Bó bá jẹ́ i5-8250U, ìran kẹjọ ni. Àwọn tó ń fi Windows 11 sí irú ẹ̀rọ tèmi ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni, Microsoft kò sì ṣèlérí fún wọn pé àtúnṣe yóò máa dé. Ní ti ohun tí wọ́n fi ń pa àkọlé lẹ́nu mọ́, ta ló mọ ohun tí ẹni tó ṣe é kó sínú rẹ̀? Ìbéèrè ìdánwò ni mo fẹ́ fi pamọ́ síbẹ̀. Orúkọ àti máàkì ọmọ tó lé ní igba ni mo fẹ́ fi pamọ́ síbẹ̀. Mo ní rárá.

Bí a ṣe kọjú sí Linux, operating system mìíràn tó jẹ́ ọ̀fẹ́, nìyẹn. Kì í ṣe pé n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gba sídìí Ubuntu, ọ̀kan lára oríṣi Linux, ní ilé ìfìwéránṣẹ́ nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ káàkiri ayé nígbà náà, títí di ọdún 2011. A kò ní kọ̀ǹpútà nílé tí a lè ki í bọ̀. Ó fi òwú há a mọ́ ara ògiri, bó ṣe ń yí ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí àjà. Mo rántí pé mo bi í léèrè ohun tí Ubuntu túmọ̀ sí, ó ní èdè àwọn ará Gúúsù Áfríkà ni, pé ọmọ ibẹ̀ ni ọkùnrin tó dá a sílẹ̀.

Ọmọ Finland kan, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki. Ó gbé e síta kí ẹni tó bá fẹ́ mú un, kí ó sì tún un ṣe. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti mú un tí wọ́n sì fi ṣe oríṣiríṣi. Mo gbà pé bí èlùbọ́ ló rí: èlùbọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ilé yìí ṣe ń ro àmàlà tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé kejì, àwọn kan ń rò ó le, àwọn kan ń rò ó rọ̀. Debian wà láti ọdún 1993. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth dá sílẹ̀, jáde ní ọdún 2004, ara Debian ni wọ́n sì ti bù ú. Linux Mint bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, ara Ubuntu ni òun náà ti bù.

Èwo ni kí n mú? Ọmọ náà kó mẹ́ta sílẹ̀ níwájú mi. Ubuntu gan-an rẹwà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú RAM 4GB tí ẹ̀rọ mi ní nígbà náà, ńṣe ló ń mí gúlegúle. ChromeOS Flex ti Google fúyẹ́, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ wà. Èmi tí mo ń ra dátà bí ẹni ń ra epo, n kò lè máa sanwó kí n tó ṣí ìwé ara mi. Ìkẹta ni Linux Mint, èyí tí wọ́n ń pè ní Xfce, tó jẹ́ pé ó fúyẹ́ jù nínú àwọn Mint. Nígbà tí mo rí i, ọkàn mi balẹ̀. Bọ́tìnnì àkọ́kọ́ wà ní ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì níbi tí ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n sí, aago wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé kíkọ wà, Firefox tí a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì wà. Mint 22 tí a mú, títí di ọdún 2029 ni wọn yóò máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i, lọ́fẹ̀ẹ́.

Fáìlì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3GB. Òru ni ọmọ náà fi gbà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí dátà rọ̀ lọ́rùn. Ní àárọ̀, ó ní kí n jókòó ti òun ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ṣe Mint máa ń kọ òǹkà kan sórí ojúlé wọn fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, SHA256 ni wọ́n ń pè é, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ni. Ẹ̀rọ tiyín náà á ṣírò tirẹ̀ láti inú fáìlì tó dé ọwọ́ yín. Bí méjèèjì bá bára mu, fáìlì pé, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà. Ó ń kà á, mo ń fi ìka tẹ̀lé e. Lẹ́tà kẹta pàá ló ti yàtọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ti já láàárín òru. Dátà 3GB lọ lásán, ó sì dùn wá, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a fi fáìlì aláàbọ̀ pa hard disk rẹ́ lọ. Òru ọjọ́ kejì ló pé.

A fi Rufus, ètò kan tó ń sọ fílááṣì di ibi tí ẹ̀rọ ti lè jí, kọ ọ́ sórí fílááṣì 8GB. Mo tan ẹ̀rọ, mo ń tẹ F12, ó bi mí ibi tí mo fẹ́ kí ó ti jí, mo mú fílááṣì. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ rí ni pé Mint lè ṣiṣẹ́ láti orí fílááṣì yẹn láì fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ̀rọ. Bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò kí ó tó bù ú ni. Mo wo Wi-Fi, ó ríran. Mo fi ohùn orin yẹ gbohùngbohùn rẹ̀ wò, ó sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà fi ojú mi hàn mí. Mo fi okùn so fóònù mi mọ́ ọn, mo sì tan USB tethering lórí fóònù náà, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ lo dátà fóònù. Íntánẹ́ẹ̀tì wọlé lójú ẹsẹ̀, n kò fi nǹkan kan sí i.

Mo ní ká máa fi sí i lọ. A mú èyí tó ní òun máa pa gbogbo ohun tó wà lórí disk rẹ́, nítorí kò sí nǹkan mi kankan níbẹ̀. Ìlà aláwọ̀ ewé ń rìn. Ó ti kọjá ìdajì nígbà tí wọ́n mú iná. Ẹ rántí pé bátìrì onímọ́kànlá ìṣẹ́jú ni mo ní. A jókòó, a ń wo ìlà yẹn, ọmọ náà ń sọ pé, "Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀." Ojú ẹ̀rọ ṣú dùù. Nígbà tí iná dé lálẹ́ tí mo tan án, kò rí nǹkan kan gbé dìde: Windows ti lọ, Mint kò tíì dé. N kò sùn dáadáa. Mo rò pé mo ti ba owó àjọ jẹ́.

Kò bàjẹ́. Fílááṣì ṣì wà lódindi, orí rẹ̀ la sì lè tún bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà. Ní àárọ̀, a gbé e lọ sọ́dọ̀ aránṣọ tó wà nílé kejì, sólà ni wọ́n fi ń ran aṣọ níbẹ̀. Wọ́n yọ áyọ́ọ̀nù wọn fún wa, a ki ṣájà bọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ló gbà. Ìyá aránṣọ náà dúró lẹ́yìn wa títí ó fi parí, wọ́n ní, "Ọlọ́run ṣeun." Mo ní àmín.

Fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjì dín díẹ̀ ló ń gbà kí ó tó jí. Mint ní ètò kan tó ń jẹ́ Disks. Ọmọ náà fi wo hard disk yẹn: wákàtí 21,900 ni wọ́n ti lò ó. Bí èèyàn bá tan án tọ̀sán tòru láì pa á, ọdún méjì àbọ̀ nìyẹn. Kò yẹ kí n fi iṣẹ́ mi lé irú rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ra SSD 120GB, irú disk tó yára ju hard disk lọ, ní ₦21,000, mo ra RAM 4GB kan sí i ní ₦8,500. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, SSD ni kí ẹ kọ́kọ́ rà kí ẹ tó fi operating system sí i, ẹ ò ní ṣe é lẹ́ẹ̀mejì bíi tiwa.

Èmi ni mo di sukudiráfà mú lọ́jọ́ náà, mo ní kí ọmọ náà kàn máa sọ fún mi. A yọ bátìrì ná. Ìdérí agolo mílíìkì ni mo ń kó nóòtù sí kí wọ́n má baà sọnù. Nóòtù kan ṣoṣo ló di ibi tí hard disk wà mú, ní ẹ̀gbẹ́. Mo fà á jáde, ó ní rọ́bà méjì lára bí ẹni wọ bàtà. Eruku inú ihò náà ti di bí òwú, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tí n kò lò rí gbá a. Mo bọ́ rọ́bà yẹn kúrò lára ti àtijọ́, mo wọ̀ ọ́ sí SSD lára, mo tì í wọlé títí ó fi jókòó. Ẹ ṣọ́ra níbí: X230 kò gba disk tó nípọn ju mílímítà 7 lọ. RAM wà lábẹ́ ìdérí mìíràn. Ẹ fi í dagun wọlé, ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó máa dún kọ́. Nígbà tí a tún Mint fi sí i tán, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún ló fi jí. Mo pa á, mo tún tan án, mo tún kà á.

Ní báyìí, ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ra ẹ̀rọ. Ẹ lọ sí Settings, ẹ ṣí Keyboard, ẹ ṣí Layout, ẹ yọ àmì kúrò níwájú ohun tó ní kí ó máa lo ti ẹ̀rọ, ẹ wá fi tuntun kún un. Ẹ wá Nigeria nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí Yoruba níbẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Hausa àti Igbo. Ó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀wá, ẹnikẹ́ni kò tà á fún mi. Mo tẹ lẹ́tà kan, ẹ jáde pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀. Mo tẹ òmíràn, ọ jáde. Mo tẹ orúkọ ìlú mi, mo fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i, Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì jókòó wò ó fúngbà díẹ̀. Alẹ́ mẹ́ta ni ìka mi fi kọ́ ibi tí gbogbo rẹ̀ wà. Mo yà á sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì. Ìgbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì n kò wò ó mọ́.

Ohun kan wà tí olùkọ́ Yorùbá ní láti mọ̀, torí ó da èmi láàmú. Nínú ètò tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń ka lẹ́tà, tí wọ́n ń pè ní Unicode, ẹ ní ìjókòó tirẹ̀, á ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà ni a kọ́kọ́ ń kọ, a ó sì wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Kí àmì náà jókòó dáadáa kù sọ́wọ́ fọ́ǹtì, ìyẹn bátànì tí kọ̀ǹpútà fi ń ya lẹ́tà. Fọ́ǹtì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á gbé e sí àárín gbùngbùn. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ó ya àpótí kékeré síbẹ̀. Noto Serif àti Charis SIL kò dà mí rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé fáìlì mi lọ sí ibi ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ ibẹ̀ kò ní fọ́ǹtì tí mo lò, gbogbo àmì mi sì tẹ̀ sí ọ̀tún bí ẹni tí ọtí ń pa. Láti ìgbà náà, PDF ni mo ń sọ ọ́ dà nínú LibreOffice, ètò ìwé kíkọ inú Mint, kí n tó jáde nílé. Fọ́ǹtì máa ń bá PDF rìn nínú ara rẹ̀, bí mo ṣe rí i nílé ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

N kò sọ pé kí gbogbo èèyàn ṣe bíi tèmi. Fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ní Word, tó kún fún tábìlì, fọ́nká nígbà tí mo ṣí i ní LibreOffice, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni mo ti lọ kún un. Ẹni tó bá ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ project ní Under G, tó jẹ́ pé Word ni wọ́n ń mú wá tí Word ni wọ́n ń gbà padà, mo rò pé kí ó dúró sórí Windows tí ó sanwó fún. Olùkọ́ ìṣirò wa gbé tirẹ̀ wá bá mi ní Sátidé tó kọjá lẹ́yìn tó rí tèmi, HP EliteBook 840 G5. Ó ní, "Ẹ bá mi fi ti yín sí i, mà." Mo wo nọ́ńbà rẹ̀: i5-8250U. Ìran kẹjọ. Windows 11 gbà á láì gba ẹ̀yìnkùlé, ìwé àṣẹ Windows rẹ̀ sì wà nínú ẹ̀rọ láti iléeṣẹ́. Mo ní kí ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a fi kíbọọ̀dù Yorùbá ti Windows sí i, nítorí ọmọ rẹ̀ wà ní SS1.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìdánwò sáà yìí. Mo tún fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, ìbéèrè kẹta, ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Mo ń rìn láàárín tábìlì. Ọmọkùnrin kan nídìí fèrèsé, ètè rẹ̀ ń mì. Mo sún mọ́ ọn. "Re re. Re mí. Dò dò. Re dò," ló ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì ń fi bírò tọ́ka sí àmì orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró lórí èyí tó kẹ́yìn, ó wo òkè, ó wá kọ ọ́ sílẹ̀: Bàbá mi fi igbà gun ọ̀pẹ.